Ìwé Tí Màámi Gbé Jáde

Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé ilé wa rí. Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà mi ti papòdà ni àwọn ará Ẹdẹ ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n ń wí pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, èèyàn ńlá lọ, olùkọ́ àwọn olùkọ́ lọ. Mò ń ṣe àmín, mò ń bu omi fún wọn. Nígbà tí fídáù kù sí dẹ̀dẹ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ wá bá mi. Ó ní kí èmi ọmọọmọ tó mọ̀wé kọ nǹkan nípa wọn, tí a óò kà lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí ó sáà ti dùn-ún gbọ́. Mo ní mo gbọ́. N kò sọ fún un pé yóò dùn.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, àwa ará ilé ló wá kàn. Kì í ṣe gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ wọ́n lógún o. Èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé títẹ̀ nìkan ni: bí wọ́n ṣe ń sọ pé ìwé jáde, pé ìwé tà, pé ìwé dùn, pé ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀. Wọ́n ní nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé bí tọkọtaya, èèyàn ò sì lè kàn mú ọ̀kan kó lọ so ó mọ́ èyí tó bá wù ú. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ lódì, Bàbá àgbà yóò fi ọ̀pá lu ilẹ̀, wọn yóò kígbe pé, "Èèwọ̀!" Kò sí bí àlejò ṣe lè pọ̀ tó níjòkòó tí wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n tó mọ èèwọ̀ agbo ilé wa ni mo ti mọ èèwọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Pátákó dúdú kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, èyí tí wọ́n gbé wálé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọn yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, wọn yóò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò láàárín rẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bọ́ sí ààyè náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kọ "The paper", wọ́n fi ààyè sílẹ̀, wọ́n wá kọ "the story". Mo dìde, mo ní, "Wrote." Ọ̀pá dún nílẹ̀.

"Èèwọ̀! Bébà ń kọ̀wé? Ṣé ó lọ́wọ́ ni?"

Wọ́n nawọ́ mú àkàrà mi nínú abọ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ lójú mi, wọn ò kánjú. "Carried, Ràfíátù. The paper carried the story. Ìwé ìròyìn ló gbé ọ̀rọ̀. Kí ló gbé?"

Mo ní ó gbé ọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

"Ó gbé àkàrà rẹ náà lọ," Bàbá àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì nu ọwọ́. Títí di òní, tí mo bá ti rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé, òórùn àkàrà ló ń wá sí mi nímú.

Ará ilé nìkan kọ́ ló ń jẹ ìyà yìí. Múfú wà níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, òun ló ń ta ìwé ìròyìn fún gbogbo àdúgbò wa. Bàbá àgbà kì í béèrè pé èló ni. Wọn yóò dúró gangan, wọn yóò bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni bébà "carry" lónìí. Múfú yóò ní, "Háà, Bàbá, bébà ò gbé nǹkan kan o! Èmi ni mo gbé bébà. Láti àárọ̀ ni mo ti gbé e, ọrùn ń ro mí." Àwọn ọlọ́kadà yóò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà ò ní rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ka gbogbo ojú ewé iwájú tán lórí ìdúró, wọn yóò sì lọ láìrà, nítorí pé Múfú kò dáhùn bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kan, òjò ká Múfú mọ́ ìta, bébà rẹ̀ rin gbingbin. Ó rí Bàbá àgbà lókèèrè, ó sáré tọ̀ wọ́n wá, ó sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, "it carries news". Bàbá àgbà fi ìka méjì gbé ọ̀kan lára bébà náà, omi ń ro tó-tó-tó láti ara rẹ̀.

"Lónìí, omi ló gbé," ni wọ́n wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Wọ́n tún máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ìwé yẹn sọ èèyàn lórúkọ. Èmi ni "Heavy Reading". Ìwé tó le, tó ń súni, tó jẹ́ pé tipátipá lèèyàn fi ń kà á, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Mo sanra, mo sì lọ́ra, Bàbá àgbà ní orúkọ mìíràn ò lè bá mi mu mọ́. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, lójú àwọn àna mi, wọ́n di ọwọ́ ọkọ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú oríire. Heavy Reading lo mú yìí. Fara balẹ̀ kà á." Ọkọ mi rò pé àdúà ni. Ó ní àmín.

Ti Màmá àgbà ló wá burú jù. Nígbà tí Bàbá àgbà fẹ́ ìyàwó kékeré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màmá àgbà ní "Out of Print". Màmá àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Oríkì ni wọ́n pè é. Bí ọkọ wọn bá ti pè wọ́n báyìí, wọn yóò dáhùn pé, "Àwútù-piríǹtì rẹ rèé o, olówó orí mi," wọn yóò sì gbé oúnjẹ wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n tilẹ̀ ń fi yangàn fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún àwọn lórúkọ ìfẹ́ lọ́jọ́ alẹ́. Màámi, ìyẹn ìyá mi, ni kò lè mú un mọ́ra mọ́, tí wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìyá wọn: ìwé tí àwọn atẹ̀wé ò tẹ̀ mọ́, tí kò sí lórí àtẹ mọ́. Màmá àgbà ò sunkún. Nígbà tí oúnjẹ dé lọ́jọ́ náà, Bàbá àgbà fi òkèlè tú ọbẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọn ò rí ẹran. Wọ́n béèrè ẹran.

"Ẹran kẹ̀?" Màmá àgbà dá wọn lóhùn. "Ẹran ti àwútù-piríǹtì, Alàájì."

Ìyàwó kékeré ò pẹ́ kó tó kó ẹrù rẹ̀, nítorí wọ́n ń mú òun náà lọ sídìí pátákó dúdú láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ò padà sínú ọbẹ̀ Bàbá àgbà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ óò máa bi mí pé ìwé tiwọn ńkọ́, ẹni tó mọ̀ nípa ìwé tó báyìí? Wọ́n ń kọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, wọn yóò ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, wọ́n fẹ́ lọ kọ̀wé, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò ní pẹ́ tí a óò fi máa gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá, kàrà-kàrà, bí ẹni ń la igi. Màmá àgbà yóò na etí sílé, wọn yóò ní, "Ìwé náà mà ń hanrun o!" Ó hanrun títí. Kò jáde.

Ìwé tó jáde ní ilé wa, Màámi ló kọ ọ́. Màámi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá àgbà bí, wọ́n sì fẹ́ràn bàbá wọn débi tó ń bí mi nínú. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, orí itan ni bàbá àwọn máa ń gbé àwọn sí, tí wọn yóò fi ọwọ́ tiwọn bo ọwọ́ àwọn mọ́lẹ̀ lórí pẹ́ńsùlù, tí àwọn méjèèjì yóò sì jọ kọ "a". Mo gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màámi, ní Sekona, níbi tí ọ̀nà ti yà. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, wọn yóò jókòó ti àwọn tó ń ta nǹkan létí títì, wọn yóò máa gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n fi kọ ìtàn kéékèèké ní Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ní kí àwọn atẹ̀wé bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Wọn ò wá òkìkí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́nu ara wọn pé, "Kí bàbá mi sáà kà á, kí wọ́n sọ pé ó dára. Ó ti parí."

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà han aráyé, gbọ̀ngàn kún. Bàbá àgbà jókòó níwájú, wọ́n wé láwàní. Màámi dìde láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú Yorùbá, gbígbé là ń gbé ìwé jáde. Màámi gbé e láti inú Yorùbá sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà. Wọ́n ní, "Today, I carry out my book."

Ọ̀pá dún nílẹ̀ gbọ̀ngàn.

"Èèwọ̀!" Bàbá àgbà ti dìde. Wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọmọ wọn. "Ẹ forí jì í, ọmọ mi ni. Ó ní òun 'carry out' ìwé. Ìwé là ń 'bring out', ẹ̀yin èèyàn mi. Àṣẹ là ń 'carry out'. Bí kò bá jẹ́ àṣẹ, a jẹ́ pé òkú ni, nígbà tí wọ́n bá ń gbé e jáde nínú ilé." Wọ́n yíjú sí àwọn páálí ìwé tí a tò síwájú. "Kí wá ni ọmọ mi dì sínú páálí wọ̀nyí? Òkú?" Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ìwé kan, wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n fi imú kàn án, wọ́n sì fa ojú ro. "Ó ti ń rùn."

Ẹ̀rín bẹ́! Àwọn kan ń fi ọwọ́ lu tábìlì. Mo wo Màámi, Màámi náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín kí wọ́n má baà rí i pé ó fẹ́ sunkún. Mélòó ló ra ìwé náà lọ́jọ́ yẹn? Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Màámi bá gun ọ̀kadà kọjá, àwọn ọmọ ìpátá yóò máa kígbe pé, "Kárí-áòtù! Ta ló kú?" Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn páálí náà lọ. Màámi ò kọ ìtàn kankan mọ́.

Èmi ni mo lọ bá Bàbá àgbà. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n tiẹ̀ ti ka ìwé náà. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn," ni wọ́n wí, "ṣé inú ilé rẹ̀ ni kí n wá wọ̀?"

Ọlọ́run ò sùn. Ojú Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n gbé wọn lọ síbí, wọ́n gbé wọn lọ sọ́hùn-ún, títí ó fi di pé òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Ẹni tí kò lè ríran mọ́, báwo ni yóò ṣe máa ka ìwé ìròyìn? Ta ló wá ń kà á fún wọn? Màámi ni. Lẹ́yìn ìrun alásárì, wọn yóò gbé àpótí ti àga Bàbá àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn yóò máa kà á láti òkè délẹ̀, wọn yóò sì máa gba èébú bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Mo ní kí Màámi jẹ́ kí bàbá náà jókòó sínú òkùnkùn rẹ̀. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Múfú tó ń gbé bébà wá sílé fún wọn ò wá. Màámi lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n mú ìwé tiwọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láìsọ ohun tó jẹ́. Mò ń ṣa ìrẹsì nítòsí, ọwọ́ mi dúró sójú kan. Ìtàn obìnrin kan ni, tí òun àti ọkọ rẹ̀ wọ mọ́tò, tí ọkọ sọ̀ kalẹ̀ ní Sekona láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí mọ́tò sì gbé ìyàwó lọ. Ìyàwó padà wá síbẹ̀, kò rí ọkọ mọ́. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń wo gbogbo ọkùnrin tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàbá àgbà ò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí Màámi fẹ́ dìde, Bàbá àgbà na ọwọ́, wọ́n di aṣọ Màámi mú.

"Máa kà á lọ."

Ọjọ́ kejì, Bàbá àgbà fúnra wọn ló béèrè ìwé náà. Ọjọ́ kẹta, Múfú mú bébà wá, Bàbá àgbà lé e. Wọ́n ní òǹkọ̀wé yìí mọ iṣẹ́. Wọ́n wá sọ gbólóhùn tí mi ò gbọ́ rí kí wọ́n sọ nípa ìwé ẹlẹ́ran ara kankan. Wọ́n ní, "I can't put it down." Ìyẹn ni pé ìwé náà ò ṣeé gbé kalẹ̀. Ìwé tí kò sí lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò lè rí! Wọ́n bi Màámi pé, "Ta ló kọ ọ́? Òyìnbó ni, àbí?"

Màámi dá wọn lóhùn. "Èmi ni, Bàbá. Ìwé mi ni."

Mò ń retí. Ẹ̀yin èèyàn, mo gbàdúà nínú mi, èmi tí mo kórìíra bàbá yẹn, mo ní Ọlọ́run, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bàbá àgbà mi orí, wọ́n mi orí.

"Ta ló bá ẹ kọ ọ́?"

Màámi pa ìwé dé. Wọ́n lọ gbé oúnjẹ wá fún bàbá wọn, wọ́n bu omi ìṣanwọ́, wọ́n sì wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn ni wọ́n kà. Bàbá àgbà ń mi ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ padà wá?"

"Ẹ bi ẹni tó bá mi kọ ọ́," ni Màámi wí, wọ́n sì ṣí ojú ewé kejì.

Ogun dé nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni Bàbá àgbà ń béèrè, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n tún ń bú Màámi. Màámi ò gbó wọn lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wí: "Ẹ sọ pé èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá kà á tán." Bàbá àgbà yóò kọjú sí ògiri. Wọ́n wá yọ́ pè mí, wọ́n ní, "Heavy Reading, mo mọ̀ pé o ti kà á. Ó padà wá àbí kò padà wá? Sọ fún mi, ọmọ dáadáa." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè mí ní ọmọ dáadáa. Mo tẹ etí sílẹ̀ kí n gbádùn rẹ̀ dáadáa. Mo wá dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn, n kì í wọ inú ilé rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú, ó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, Màámi ló ń gbé wọn dìde, Màámi ló ń fi ṣíbí bu ògì sí wọn lẹ́nu. Bí ògì bá ti lọ tán, Bàbá àgbà yóò mí, wọn yóò ní, "Ó padà wá?" Màámi yóò nu ẹnu wọn, wọn yóò ní, "Ta ló kọ ọ́, Bàbá?" Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá àgbà ò dáhùn mọ́. Ó tẹ́ Bàbá àgbà lọ́rùn kí wọ́n kú ju kí wọ́n sọ ọ́ lọ, wọ́n sì kú.

Kò pẹ́ tí àwọn ààfáà fi wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n dì wọ́n sínú aṣọ funfun, tí wọ́n tẹ́ wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ pátákó dúdú. Àwọn ọkùnrin tí yóò gbé wọn ti dúró. Màámi wá kúnlẹ̀, wọ́n fi ẹnu kan ibi tí etí bàbá wọn wà nínú aṣọ. Gbogbo èèyàn rò pé àdúà ni. Èmi ni mo sún mọ́ wọn jù, mo gbọ́ ọ.

"Kò padà wá," ni Màámi wí. "Èmi ni mo kọ ọ́."

Wọ́n dìde. Ààfáà bi wọ́n pé ṣé kí wọ́n máa gbé Bàbá lọ. Màámi gbọn aṣọ, wọ́n nà ró ṣánṣán, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Carry him out."

Àwọn ọkùnrin tẹ̀ ba, wọ́n gbé wọn sókè. Màmá àgbà, tí wọ́n jókòó lórí ẹní ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, fà mí láṣọ.

"Kí ló wí yẹn?"

"Wọ́n ní kí wọ́n gbé Bàbá jáde ni, Màmá."

"Ṣé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tọ̀nà?"

Mo wò títí àwọn tó gbé Bàbá àgbà fi kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Ó tọ̀nà, Màmá," ni mo wí. "Kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀."